Ẹni Tí Ẹsẹ̀ Ń Yọ Lẹ́nu Tó Fẹ́ Ra Mọ́tò Àtijọ́: Ara Ni Kó Kọ́kọ́ Wọ̀n, Kì Í Ṣe Orúkọ Mọ́tò

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́ rẹ̀, làwọn àgbà wí. Ọ̀rọ̀ yìí ló yẹ kó wà lọ́kàn oníṣòwò tí ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ rẹ̀ kò ṣe déédéé mọ́, tó sì ń wá mọ́tò àtijọ́ tí yóò máa gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Erékùṣù Èkó. Orúkọ mọ́tò ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń rà. Wọ́n á ní Benz làwọn fẹ́, tàbí Peugeot 504 irú èyí tí bàbá àwọn lò. Ìgbà tí mọ́tò bá délé tán ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ẹsẹ̀ àwọn kò lè tẹ kúlọ́ọ̀ṣì, tàbí pé orúnkún àwọn kò ṣeé ká wọ inú rẹ̀. Mọ́tò á di ohun tí wọ́n ń da tapólì bò nínú àgbàlá, ọlọ́jà á sì padà sídìí bíbẹ ọmọ ẹlòmíràn pé kó wá gbé òun lọ sọ́jà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti èèyàn méjì mẹ́ta. Ní Balógun, Ìdúmọ̀tà, Òkè-Àrín, Jankara àti Ìdúmàgbò, ọjọ́ orí ti ń dé sáwọn tó ti ń tajà níbẹ̀ láti ìgbà èwe wọn. Làkúrègbé ti mú orúnkún àwọn kan, rọpárọsẹ̀ ti kọlu apá kan ara àwọn mìíràn, àtọ̀gbẹ ti gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ àwọn kan. Àwọn mìíràn tún wà tó jẹ́ pé àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ló mú wọn ní kékeré. Lóòótọ́, oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n kéde pé ojúlówó kòkòrò àrùn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Áfíríkà, ṣùgbọ́n àwọn tó ti mú ṣáájú ìgbà náà ti dàgbà, wọ́n ti di olówò, wọ́n sì ń bọ́ ìdílé.

Nígbà kan, ọ̀kadà ló ń bá irú wọn gbé ìṣòro yìí. Á gbé wọn láti ìdí afárá, á já wọn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ 1, oṣù kejì, ọdún 2020, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá láwọn ìjọba ìbílẹ̀ kan, Lagos Island sì wà nínú wọn. Lọ́jọ́ 1, oṣù kẹfà, ọdún 2022, wọ́n tún fọwọ́ líle mú òfin ti ọ̀kadà. Rélùwéè Blue Line tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lóṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ń já èrò sí Marina, ṣùgbọ́n láti Marina wọ inú Ìsàlẹ̀ Èkó lọ́hùn-ún, ọ̀nà ṣì jìn fún ẹni tó ń tẹ̀ lé ọ̀pá. Mọ́tò ni ẹsẹ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ rírà á fi jẹ́ ọ̀rọ̀ òwò, kì í ṣe ti fàájì. Lọ́jọ́ tí mọ́tò kò bá gbé e, ṣọ́ọ̀bù kò ṣí nìyẹn.

KÍ LÓ DÉ TÓ FI JẸ́ MỌ́TÒ ÀTIJỌ́?

Àwọn kan á béèrè pé kí ló dé tí ẹni tí ara rẹ̀ kò le kò kúkú ra tuntun. Owó ni ìdáhùn àkọ́kọ́, gbogbo ọlọ́jà ló sì mọ ìyẹn. Ìdáhùn kejì ni pé mọ́tò àtijọ́ rọrùn láti tún ṣe. Mẹkáníìkì abẹ́ igi mọ̀ ọ́n tinú tòde. Wáyà tàbí irin lásán ló so tọ́rọ́tù mọ́ ẹ́ńjìnnì. Bí wọ́n bá fẹ́ so irin mọ́ bíréèkì kí awakọ̀ lè máa fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, àyè wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù láti ṣe é. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tuntun. Franklin Roosevelt, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà kan, tí àìsàn gba agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1921, ní Ford kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 1936, ọwọ́ ló sì fi ń darí rẹ̀ látòkè délẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ́tò àtijọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé inú Nàìjíríà níbí ló ti máa rà á. Òfin kọ́sítọ́ọ̀mù kò gba kí wọ́n kó àlòkù mọ́tò tó ti lé lọ́dún 12 tí wọ́n ti ṣe é wọlé. Láti oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ sì ti fòfin de kíkó mọ́tò gba ẹnubodè orí ilẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní òun ní Benz ọdún 1985 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Kútọnu dé, ìwé ni kí oníbàárà kọ́kọ́ béèrè kó tó fọwọ́ kan àpò. Mọ́tò tí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù gbà lọ kò wúlò fún ẹlẹ́sẹ̀ dídá, ká má tíì sọ ti aláìlẹ́sẹ̀.

IBO GAN-AN NI ÀÌLERA NÁÀ WÀ?

Ìbéèrè tó yẹ kí oníbàárà dáhùn kó tó jáde nílé nìyí. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ òsì ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, mọ́tò mánúàlì ti jáde nínú ọ̀rọ̀, torí ẹsẹ̀ òsì ló ń tẹ kúlọ́ọ̀ṣì. Nínú gósìlóò orí Third Mainland tàbí Afárá Carter, àìmọye ìgbà lèèyàn ń tẹ̀ ẹ́ tó sì ń tú u sílẹ̀ kó tó dé Ìdúmọ̀tà. Ọ̀tọmátíìkì ni ti irú ẹni bẹ́ẹ̀, bó bá sì ti rí i, ó lè má nílò àtúnṣe mìíràn.

Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún ni, ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń tẹ tọ́rọ́tù, òun náà ló ń tẹ bíréèkì. Ọ̀tọmátíìkì nìkan kò tó fún un. Wọ́n máa ní láti bá a ṣe tọ́rọ́tù sápá òsì, tàbí kí wọ́n so irin ọwọ́ mọ́ ọn. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò ṣiṣẹ́ á máa fi ọwọ́ kan tẹ bíréèkì àti tọ́rọ́tù, á sì máa fi ọwọ́ kejì yí sítíárìn. Nítorí bẹ́ẹ̀, páwà sítíárìn di dandan fún un.

Bó bá sì jẹ́ orúnkún tàbí ìbàdí ló ń dun èèyàn, gíga ìjókòó àti fífẹ̀ ilẹ̀kùn ló ṣe pàtàkì jù. Ìjókòó tó bá wà nísàlẹ̀ jù, èèyàn á rọrùn wọlé, àtijáde ló máa di ogun. Ìjókòó tó bá ga tó ìbàdí, tí ẹni náà kàn lè fìdí lé, kó yí ara padà, kó gbé ẹsẹ̀ wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, òun ló bá a mu. Bí ọwọ́ ló ń dùn ún, kó di sítíárìn mú kó yí i nígbà tí mọ́tò dúró lójú kan. Bí kò bá lè yí i nígbà náà, kò lè fi wọ àyè ìgúnlẹ̀ kankan lọ́jà.

ÌJÀPÁ, 504 TÀBÍ BENZ?

Ọdún 1975 ni Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò l'Ékòó. Ọdún yẹn kan náà ni Peugeot Automobile Nigeria bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Kàdúná. Àwọn méjèèjì ló mú kí Ìjàpá àti 504 kún ìgboro, títí dòní làwọn tó fẹ́ràn mọ́tò àtijọ́ ṣì ń wá wọn kiri.

Ìjàpá ní ìwà rere tirẹ̀. Ilẹ̀kùn méjì péré ló ní, ilẹ̀kùn náà gùn, ó sì ń ṣí gbayawu, ẹni tó ń bọ́ láti orí kẹ̀kẹ́ arọ sínú rẹ̀ á rí àyè. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, nítorí náà sítíárìn rẹ̀ kò wúwo bí kò tilẹ̀ ní páwà. Àmọ́ mánúàlì ló pọ̀ jù nínú wọn, bíréèkì ọ̀pọ̀ wọn sì ń fẹ́ kéèyàn fi agbára tẹ̀ ẹ́. Ibi ẹrù rẹ̀ tó wà níwájú kò lè gba kẹ̀kẹ́ arọ. Láti ọdún 1968, Volkswagen ṣe irú kan tí kò ní kúlọ́ọ̀ṣì lẹ́sẹ̀, tó jẹ́ pé bí awakọ̀ bá ti di ọ̀pá jíà mú, kúlọ́ọ̀ṣì á ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí irú ẹ̀ rà lónìí gbọ́dọ̀ béèrè ibi tó ti máa rí páàtì rẹ̀ kó tó sanwó.

Ó tún yẹ kéèyàn wo apá ibi tí sítíárìn wà. Ọjọ́ 2, oṣù kẹrin, ọdún 1972 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í wa mọ́tò lápá ọ̀tún títì. Mọ́tò tó ti wà nílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà lè ní sítíárìn lọ́wọ́ ọ̀tún. Ó ní àǹfààní kan fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá: ẹ̀gbẹ́ títì ni ilẹ̀kùn awakọ̀ kọjú sí, kò ní bọ́ sáàárín dáńfó. Ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ yà kọjá mọ́tò iwájú rẹ̀, kò ní rí ohun tó ń bọ̀, ọwọ́ òsì ló sì máa fi yí jíà. Fún iṣẹ́ ojoojúmọ́, ewu inú rẹ̀ ju àǹfààní lọ.

504 ní tirẹ̀ tu ìdí lára. Ìjókòó rẹ̀ rọ̀, ó ga díẹ̀ sílẹ̀, kòtò ìgboro kò sì jọ ọ́ lójú. Ẹni tí ìbàdí ń dùn, tí ọmọ tàbí dírẹ́bà ń wà, kò lè rí ohun tó dáa tó o ní iye owó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ wa ara rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí. Mánúàlì ló pọ̀ nínú 504 tó wà nílẹ̀, púpọ̀ wọn kò sì ní páwà sítíárìn. Ẹni tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò lágbára kò gbọ́dọ̀ torí ìrántí bàbá rẹ̀ kówó lé e.

Benz ló kù, ibẹ̀ gan-an ni orúkọ ti máa ń tan àwọn èèyàn jẹ. Benz kì í ṣe ẹyọ kan. Èyí tí àwọn ará Jámánì ń pè ní W123, tó jáde láàárín ọdún 1976 sí 1985, lágbára, ìjókòó rẹ̀ dúró dáadáa, ọ̀tọmátíìkì rẹ̀ sì pọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣáájú nínú wọn lè má ní páwà sítíárìn, ó dìgbà tó di ọdún 1982 kó tó di ara gbogbo wọn. V-Boot tó tẹ̀ lé e, ìyẹn W124, dáa fún ẹni tó ń gbé kẹ̀kẹ́ arọ kiri, torí ìdérí búùtù rẹ̀ ṣí wálẹ̀ títí dé bọ́ńpà, ẹni tó ń gbé kẹ̀kẹ́ náà sínú rẹ̀ kò ní máa gbé e gòkè púpọ̀. Ìkẹta ni 190, Benz kékeré tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 1982 sí 1993.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í wò nínú wọn. Nínú W123 àti V-Boot tí sítíárìn wọn wà lọ́wọ́ òsì, bíréèkì tí wọ́n fi ń dá mọ́tò dúró nígbà tí wọ́n bá gún un sílẹ̀ kì í ṣe tọwọ́. Ẹsẹ̀ òsì ló ń tẹ̀ ẹ́, ìsàlẹ̀ lápá òsì pátápátá ló wà. Ti 190 ló wà láàárín ìjókòó méjèèjì, ọwọ́ ni wọ́n fi ń fà á. Ká ní ìyá kan ń ta léèsì ní Balógun, tí rọpárọsẹ̀ sì gba ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. Ó ra V-Boot ọ̀tọmátíìkì, ó rò pé gbogbo ìṣòro ti tán, ló bá dé orí afárá, mọ́tò dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kò sì sí ẹsẹ̀ tó máa fi tẹ bíréèkì yẹn. 190 ni ìbá gbà á. Búùtù 190 kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pá ni ìyá náà ń tẹ̀, kò gbé kẹ̀kẹ́ arọ. Ohun tí ara rẹ̀ ń fẹ́ ló yẹ kó rà.

Epo náà wà níbẹ̀. Nígbà tí ìjọba kéde lóṣù karùn-ún ọdún 2023 pé ìrànwọ́ orí epo ti dópin, lítà kan kò tó 200 náírà l'Ékòó. Kó tó di ìparí oṣù keje ọdún náà, ó ti kọjá 500. Benz 280 tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní sìlíńdà mẹ́fà lẹ́wà lójú agbo, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi mọ́tò lọ sọ́jà lójoojúmọ́, sìlíńdà mẹ́rin tó o.

IRIN TÍ WẸ́DÀ BÁ SO

Iṣẹ́ irin ọwọ́ kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń dúnàá-dúrà jù lé lórí. Bíréèkì ni, ẹ̀mí ló wà níbẹ̀. Irin náà gbọ́dọ̀ nípọn. Bóòtù tí nọ́ọ̀tì rẹ̀ kò lè tú ni kí wọ́n fi dè é mọ́ ẹsẹ̀ bíréèkì, kì í ṣe kí wọ́n wẹ́dì rẹ̀ lásán. Títì síwájú ni kó máa tẹ bíréèkì, torí ara ẹni tí jìnnìjìnnì bá a máa ń sún síwájú. Kò sì gbọ́dọ̀ dí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn lọ́wọ́ bó bá di pé kó bá onímọ́tò wà á délé. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣe é tán, pápá gbalasa ni kí wọ́n ti dán an wò, kí mẹkáníìkì sì máa yẹ bóòtù náà wò lóṣooṣù. Ẹni tó bá ń fi igi tàbí ọ̀pá ìtilẹ̀ tẹ bíréèkì ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ àti ti àwọn ọlọ́jà ẹ̀gbẹ́ títì ṣeré.

Gẹ̀ẹ́sì kọ́gbọ́n nínú irú ọ̀rọ̀ yìí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, mọ́tò kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan tí wọ́n ń pè ní Invacar nìjọba wọn ń fún àwọn akanda ẹ̀dá. Nígbà tó di oṣù kẹta ọdún 2003, wọ́n ní kó kúrò lójú títì, torí ààbò rẹ̀ kò tó. Láti ọdún 1977 ni wọ́n sì ti dá ètò Motability sílẹ̀, tó ń bá àwọn èèyàn wọ̀nyí gba mọ́tò gidi tí gbogbo ayé ń wà, tí wọ́n á wá tún ṣe bá ara wọn mu. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé mọ́tò gidi ni kéèyàn rà, kó tún un ṣe bó ṣe yẹ. Mọ́tò jákujàku kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dá.

Ìwé náà ní láti pé. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ní ìwé ìwakọ̀ tirẹ̀ fún akanda ẹ̀dá, Class J ni wọ́n ń pè é. Láti ọdún 2023 ni owó ìnṣọ́ráǹsì tó kéré jù fún mọ́tò aládàáni ti kúrò ní 5,000 náírà, tó di 15,000. Kí onímọ́tò sọ fún ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ráǹsì pé irin ọwọ́ wà lára mọ́tò òun. Bó bá fi pa mọ́, ó lè di àríyànjiyàn lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.

ÀYÈ ÌGÚNLẸ̀ LỌ́JÀ

Ìsàlẹ̀ Èkó jẹ́ ìlú àtijọ́ tó dàgbà yí Ìga Ìdúngànràn ká, wọn kò sì la òpópónà rẹ̀ nítorí mọ́tò. Ilẹ̀kùn tó ń ṣí gbayawu kò wúlò níbi tí kò ti sí àyè láti ṣí i. Nítorí náà, kí oníbàárà bẹ onímọ́tò pé kí àwọn jọ wà á wọ ọjà láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú tí ìgboro dákẹ́, kó wo ibi tó ti máa gún un sílẹ̀, kó sì ka iye ìgbésẹ̀ tó wà láti ibẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù. Kó wá bi ara rẹ̀ léèrè bó ṣe máa rí lọ́jọ́ Ajé.

Òfin wà lẹ́yìn irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin àwọn akanda ẹ̀dá lọ́dún 2011, òun ló gbé ọ́fíìsì LASODA kalẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018, tí ààrẹ fọwọ́ sí lóṣù kìíní ọdún 2019, sọ pé kí wọ́n ya àyè sọ́tọ̀ fún wọn láwọn ibi ìgúnlẹ̀ mọ́tò gbogbo ènìyàn, kí àmì sì wà lára mọ́tò wọn. Ibi tí ẹgbẹ́ ọlọ́jà ti lè ṣe nǹkan nìyí. Ẹgbẹ́ tó lè ya àyè sọ́tọ̀ fún lọ́rì tó ń já bèèlì aṣọ lè kun ojú ibi mọ́tò kan tàbí méjì fún ọmọ ẹgbẹ́ tí kò lè rìn. Kò ná wọn ju ọ̀dà lọ. Bí wọn kò bá ṣe é, kò sí mọ́tò tó lè bá ìyá yẹn mu, bó ti wù kó dáa tó.

ÌṢIRÒ RẸ̀

Lọ́dún 2024 ni ìjọba àpapọ̀ sọ owó oṣù tó kéré jù lọ di 70,000 náírà. Ẹni tó bá ń san bẹ́ẹ̀ fún dírẹ́bà á san 840,000 náírà lọ́dún, kò tíì ka ti oúnjẹ àti ọjọ́ tí dírẹ́bà kò bá wá. Ẹni tó bá lè wa ara rẹ̀ lè ya owó náà sọ́tọ̀ fún àtúnṣe, irin ọwọ́ àti epo. Ṣùgbọ́n kó má tàn ara rẹ̀ jẹ. Mọ́tò tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún máa ń wá owó. Ẹni tí kò bá ní owó àtúnṣe nílẹ̀ lẹ́yìn tó bá rà á tán kò tíì ní owó mọ́tò àtijọ́. Ìyẹn dára kó wá Corolla ọ̀tọmátíìkì tí páàtì rẹ̀ kún Ládípọ̀, kó fi Benz sílẹ̀ fún ẹni tó ní mọ́tò kejì nílé.

Ó sì tún ní àwọn tí kò yẹ kó wa ara wọn rárá. Rọpárọsẹ̀ kì í mú ẹsẹ̀ nìkan, ó lè mú ojú, ó lè mú kí ọkàn máa pẹ́ kó tó gbọ́ ohun tí ojú rí. Dókítà ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kí owó tó jáde. Bí dókítà bá ní rárá, dírẹ́bà kì í ṣe ìnákúnàá, 504 tó rọ̀ dẹ̀dẹ̀ yẹn sì ti rí ẹni tó bá a mu.

Ẹni tí dókítà bá gbà fún, kó mú ọ̀pá rẹ̀ tàbí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dání lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta mọ́tò. Kó wọlé, kó jáde, nígbà mẹ́wàá, lójú ẹni tó ń tà á. Kó tẹ ohun gbogbo tó bá yẹ ní títẹ̀, kó fa ohun tó yẹ ní fífà, kó sì gbé kẹ̀kẹ́ sínú búùtù. Bó bá rẹ̀ ẹ́ kó tó pé mẹ́wàá, mọ́tò yẹn kì í ṣe tirẹ̀, ì báà jẹ́ wúrà ni wọ́n fi ṣe é. Ẹni tó ń tà á kò ní sí níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí òjò bá ń rọ̀, tí oníbàárà sì ti dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.